Àìsàn Tó Bá Mi Rìn Nínú Ọyẹ́

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ ní ọsibítù pé wárápá ló ń ṣe ọ́, mo mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe wúwo tó nígbà tí ò ń jáde lẹ́nu ọ̀nà. O ti ń ro ẹni tí wàá sọ fún àti ẹni tí wàá fi pamọ́ fún. Tèmi ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kí o má baà gba ibi tí mo gbà kọjá. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára mi: ọ̀kan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pọ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀kan lórí níbi tí irun ò hù mọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wárápá fúnra rẹ̀ dá sí mi lára. Èèyàn ló dá gbogbo wọn.

Múfútáù lorúkọ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe ní Òkòkòmáíkò, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì márosẹ̀. Ìbà la ń gbé. Sìdíkátù ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ iṣẹ́ wọn, tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọmọbìnrin kan la bí, Ròfíà, òun ni wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Ròfí ládùúgbò.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kí n máa rìn lálẹ́ nígbà ọyẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ahunṣọ òfì, ló kọ́ mi. Tí a bá ti kí ìrun Ìṣáì tán, wọ́n á da aṣọ tó nípọn bora, wọ́n á mú tẹ̀súbáà wọn, a óò wá máa rìn lọ sí ọ̀nà oko láìsọ̀rọ̀. Wọ́n á máa dárúkọ Ọlọ́hun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi náà á máa dá a tẹ̀lé wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ọyẹ́ ni Ọlọ́hun fi ń pa ayé lẹ́nu mọ́ kí ẹrú Rẹ̀ lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nígbà tí mo dé Èkó, mo rò pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti tán fún mi, torí Òkòkòmáíkò kì í sùn. Ṣùgbọ́n nínú Ìbà, téèyàn bá gba àwọn òpópónà inú, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà yunifásítì, ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́ tí ọyẹ́ bá mú. Òtútù á ti lé àwọn èèyàn wọlé. Màá máa rìn, ètè mi á gbẹ, imú á máa ta mí, ọkàn mi á sì fúyẹ́. Ohun tí iṣẹ́ òòjọ́ bá dì rù mí, ibẹ̀ ni mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni àìsàn ti kọ́kọ́ bá mi. Bí mo ṣe ń rìn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan kan ru láti ìsàlẹ̀ ikùn mi wá sí àyà, bí ìgbà téèyàn bá já bọ́ lójú àlá. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dáná níbì kankan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan tàn. Ògiri, igi, eruku inú afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tí mo ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó dá mi lójú pé iwájú Ọlọ́hun ni mo dúró sí, pé Ó ń wò mí, pé Ó yọ́nú sí mi. Omi bọ́ lójú mi. Kò pẹ́ tó fi lọ. Mo délé, mi ò sọ fún Sìdíkátù. Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Ó tún wá, ó tún wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Alẹ́ tí kò bá wá, inú mi kì í dùn. Mi ò fiyè sí i pé nǹkan ń já nínú ìrìn mi. Màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yunifásítì, ohun tí màá tún mọ̀ ni pé mo wà níwájú ilé ìjọsìn kan ní òpópónà mìíràn, bàtà ẹsẹ̀ kan á ti sọnù, mi ò sì ní mọ bí mo ṣe débẹ̀. Sìdíkátù ló kọ́kọ́ fura. Ó ní mo máa ń dákẹ́ nídìí oúnjẹ, ojú mi á là kalẹ̀, ẹnu mi á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ mi á máa fa etí aṣọ. Tó bá pè mí, mi ò ní dáhùn. Mo sọ fún un pé oorun ni. Ó ní oorun kọ́.

Ọ̀sán gangan ló kọ́kọ́ gbé mi ṣánlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Wọ́n ní mo ké bí àgbò tí wọ́n ń dú, mo ṣubú lulẹ̀, orí mi gbá irin fíríìjì, gbogbo ara mi sì ń gbọ̀n lójijì lójijì. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu mi pọ́n nítorí pé mo ti gé ahọ́n ara mi jẹ. Àwọn oníbàárà sá jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ràímì, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ni wọ́n sáré wọlé. Wọ́n fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun tó kù. Wọ́n ki ọwọ́ ṣíbí onírin bọ eyín mi, eyín kan kán. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ẹnì kan ní iná ló ń lé e. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n wọ́ mi débẹ̀, wọ́n di orúnkún mi mú, wọ́n sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ́ ẹyin iná.

Ẹran tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan ń sun ẹran nítòsí. Ẹsẹ̀ mi ni. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn pé iná ti lé e lọ.

Ìyá wa gbéra láti Ìsẹ́yìn, wọ́n gbé ìgò àgbo kan dání, tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù àti ewé tábà ṣe. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì dí mi nímú kí ẹnu mi lè là. Mo mu ún. Mo bì títí tó fi ku ẹ̀jẹ̀, ojú mi ṣú, ọ̀rọ̀ mi ń wọ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún fẹ́ fún mi, Sìdíkátù já ìgò náà gbà, ó dà á sí gọ́tà. Ìyá gbá a létí, nínú ilé ara rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbá mi létí kejì. Ṣùgbọ́n kò ní mu ún mọ́."

Ó mú mi lọ sí ọsibítù ìjọba. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi débẹ̀, àwọn èèyàn sì ti kún ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn sùn síbẹ̀ mọ́jú. A gba káàdì, a jókòó sílẹ̀, a ń wo bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ. Ibẹ̀ ló tún ti gbé mi. Nígbà tí mo lajú, bẹ́ǹṣì tí èèyàn mẹ́fà jókòó lé ti ṣófo. Aláìsàn ń sá fún aláìsàn. Ìyá kan tó gbé ọmọ tó ní ibà lọ́wọ́ ti bò ó lójú kó má baà rí mi. Nígbà tó kàn wá, dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ti lọ. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ náà sì jìnnà. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán orí wá níta. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni a tà ká tó rí i yà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Bọ̀ọ̀dá Ràímì ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan lẹ́yìn Ìbà, lọ́nà àbàtà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Olùtúsílẹ̀. Sìdíkátù wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n wá mú mi. Mi ò janpata. Ẹ̀rù àìsàn náà ń bà mí ju ẹ̀rù ohunkóhun lọ. Ọkùnrin náà ní tírà lára ògiri, ó ní àbẹ́là lórí tábìlì, ó ní omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Mi ò mọ ohun tó ń sìn. Ó fi ẹ̀wọ̀n so ọwọ́ mi mọ́ òpó, ó fi àgádágodo tì í. Wọ́n sun ata sínú ìkòkò, wọ́n fi aṣọ bò ó pọ̀ mọ́ orí mi. Tí wárápá bá gbé mi, wọ́n á nà mí kó lè jáde. Tí kò bá gbé mi, wọ́n á nà mí kó má baà padà wá. Kòbókò ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kẹ́dùn, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà bá sọ fún un pé, "Má wo ojú ẹ̀. Kì í ṣe òun là ń nà."

Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ké.

Obìnrin kan wà ní òpó kejì tí kì í ké mọ́. Wọ́n á nà án, yóò kàn máa wo ilẹ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Mo ń gbàdúrà fún un.

Wọ́n ti sọ fún Sìdíkátù pé tó bá wá, iṣẹ́ náà á bàjẹ́. Ó ní sùúrù dé ibi tí sùúrù rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Navy Town, ó lọ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ológun ojú omi, ó ní kó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tẹ̀ lé òun. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ológun náà fi orí kan ọ̀kan nínú wọn nímú, ó gbá èkejì mọ́ ògiri, mo sì gbọ́ bí nǹkan ṣe ró. Sìdíkátù ò wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbé òkúta, ó ń lu àgádágodo, òkúta ń yẹ̀ lu ọwọ́ mi, kò dúró. Nígbà tó já, ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ròfí. Ilé ti yá." Bọ̀ọ̀dá Ràímì ti dé lẹ́yìn wọn. Bọ̀ọ̀dá ò bá Sìdíkátù àti ológun náà jà, wọn ò sì dá wọn dúró. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá rí ẹ̀yìn mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ ọsibítù ò tíì pé, ọyẹ́ sì ti wọlé. Ara mi wó pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ tèmi ni ìrìn yẹn. Mo ronú pé gbogbo ọ̀nà tí èèyàn gbà tọ́jú mi ló dá ọgbẹ́ sí mi lára, pé Ọlọ́hun tó ń pàdé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yunifásítì nìkan ni kò tíì nà mí. Sìdíkátù bẹ̀ mí kí n má lọ. Láwọn alẹ́ mìíràn ó máa ń tẹ̀ lé mi, yóò jìnnà sí mi díẹ̀ kí n lè rò pé mo dá wà. Alẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ọmọ yunifásítì ń kó iṣẹ́ ìparí wọn wá, ó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni mo jáde.

Òtútù mú gidigidi. Kùrukùru bo àwọn iná ojú pópó. Mò ń tiro torí egbò iná, mò ń ka tẹ̀súbáà. Nǹkan náà ru sókè nínú ikùn mi, òórùn rọ́bà dé, gbogbo nǹkan tàn, inú mi dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ìyá kan ló sọ ìyókù fún mi. Màmá Fẹ́mi là ń pè wọ́n. Ọmọ Oǹdó ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní géètì wọn ò tì dáadáa, wọ́n sì gbọ́ pé nǹkan ń rìn nínú ọgbà. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń já aṣọ wọn lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kó wọn mọ́ àyà. Wọ́n bi í pé ta ni. Kò dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ, ó sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ iná tọ́ọ̀ṣì. Olè ti ń yọ àdúgbò náà lẹ́nu lákòókò yẹn. Màmá Fẹ́mi fi gbogbo ohùn wọn ké olè.

Pákó ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Pákó bà mí lórí, mo sì mọ̀ pé mo wà láyé. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀, ọwọ́, bẹ́líìtì, òkúta. Mo wà lórí kọnkéré lójú títì, ìmọ́lẹ̀ fóònù yí mi ká, mi ò rí ojú ẹnì kankan. Wọ́n ń bi mí ní orúkọ mi. Tí wárápá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èèyàn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè padà wá. Mo mọ̀ pé mo ní orúkọ. Mo wá a kiri nínú orí mi, mi ò rí i. Wọ́n ní níbo làwọn yòókù mi wà. Mo ya ẹnu, ohùn lásán ló jáde. Wọ́n ní agídí ni, wọ́n tún da igi bò mí.

Wọ́n bọ́ aṣọ mi. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tan iná sí ẹ̀yìn mi, ó ní kí gbogbo èèyàn wá wò ó. Ó ní ṣé wọ́n rí i, pé wọ́n ti mú un nà rí, pé ògbólógbòó ni. Ẹlòmíì gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ó ní wọ́n ti fi iná jó o rí níbi tó ti jalè, kò gbọ́n. Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn mi ṣe láti wò mí sàn, òun ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́ ikú.

Wọ́n gbé táyà wá, wọ́n fi há mi lọ́rùn. Ẹnì kan lọ wá pẹtiróòlù. Òórùn rọ́bà gba imú mi, mo sì fẹ́ kí o gbà mí gbọ́: ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí mo rò pé ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń bọ̀. Táyà gidi ni. Òtútù ń mú mi ní ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ ti dí mi lójú kan. Mi ò tilẹ̀ lè ka kálímà tí Mùsùlùmí ń kà tí ikú bá dé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mi.

Wárápá tún gbé mi, èyí tó le jù lọ. Ẹnì kan pariwo pé, "Wárápá ni! Ẹ má jẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kàn yín!" Gbogbo wọn tú ká. Àwọn tí kò bẹ̀rù láti dáná sun èèyàn bẹ̀rù itọ́ rẹ̀. Àìsàn tó mú kí wọ́n lù mí náà ló lé wọn kúrò lórí mi.

Màmá Fẹ́mi nìkan ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan ti ní irú rẹ̀ rí, wọ́n sì wá mọ ohun tí ojú wọn ti rí nínú ọgbà. Wọ́n bọ́ táyà lọ́rùn mi, wọ́n dà mí dé ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, wọ́n fi ìró ìdí wọn bò mí. Wọ́n wá ṣòkòtò mi kiri lójú títì títí wọ́n fi rí fóònù mi, wọ́n pe nọ́ńbà tí mo pè kẹ́yìn. Nígbà tí Sìdíkátù sáré dé, tó rí mi, tó sì kọjú sí wọn, wọ́n sọ fún un pé, "Èmi ni mo ké olè. Èmi náà ni màá gbé e dé ọsibítù." Sìdíkátù di orí mi mú, wọ́n sì jọ gbé mi sínú ọkọ̀ wọn. Ọsibítù aládàáni àkọ́kọ́ ò gbà wá. Wọ́n ní ká gbé ìwé ọlọ́pàá wá. Ti ìjọba ló gbà wá.

Ibẹ̀ ni mo ti bá dókítà tí ọjọ́ mi ò tíì pé lọ́dọ̀ rẹ̀ pàdé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ó wo àwòrán orí mi, ó ní àpá kékeré kan wà nínú ọpọlọ mi, bóyá láti kékeré, pé ibẹ̀ ni nǹkan bí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́ wá. Ó ní tó bá kéré, mo máa rìn láìmọ̀. Tó bá ràn, á gbé mi ṣubú. Ó ní itọ́ mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó kọ oògùn fún mi, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ó ní kí n má ṣe dá a dúró fúnra mi láé, bí ara mi tilẹ̀ yá.

Mo bi í ní ohun kan tí mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni. Mo sọ ìmọ́lẹ̀ náà fún un, àti òórùn rọ́bà, àti bí Ọlọ́hun ṣe ń súnmọ́ mi. Mo ní ṣé àìsàn ni gbogbo ìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fèsì pé:

"Bàbá, ìmọ́lẹ̀ yẹn, àìsàn yín ló ń tàn án. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ẹ ti ń gbà kó tó tàn, ẹ̀yin lẹ gbà á. Oògùn mi ò lè dé ibẹ̀."

Mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí wọ́n nà mí lọ.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń mú mi sùn, ahọ́n mi wúwo, mo ń gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà. Dókítà dín in kù, ó yí i padà. Ó wọ́n, ó sì máa ń wọ́n sí i; nígbà mìíràn a máa ń wá a láti Ìyànà-Ìbà dé Ọ̀jọ́ ká tó rí i. Bọ̀ọ̀dá Ràímì ló ń rà á fún mi ní oṣooṣù. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á béèrè Ròfíà, wọ́n á lọ. A ò tíì sọ̀rọ̀ nípa òpó yẹn. Ìyá ṣì gbà pé iná tí wọ́n fi jó mi lẹ́sẹ̀ ló wò mí sàn.

Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, Màmá Fẹ́mi mú mi lọ sí ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé. Mo dìde, mo ní, "Wárápá ń ṣe mí. Tí ẹ bá rí mi tí ẹ pè mí tí mi ò dáhùn, mi ò sí nínú ara mi nígbà náà. Ẹ má nà mí. Ẹ dúró tì mí, màá padà wá." Àwọn kan wolẹ̀. Ọkùnrin kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó sí ìlà kejì. Lẹ́yìn ìpàdé, obìnrin kan dúró dè mí níta, ó bi mí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọsibítù wo ni.

Mi ò lọ bá ọlọ́pàá. Sìdíkátù fẹ́ ká lọ, mi ò ní okun rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó lù mí ń ta ṣájà fóònù ní Ìyànà-Ìbà. Màmá Fẹ́mi ló fi í hàn mí. Ó máa ń kí mi ní ìrọ̀lẹ́, á ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Dádì, á tẹrí ba. Mi ò mọ̀ bóyá ó dá mi mọ̀. Mo máa ń dá a lóhùn, màá sì yára kọjá. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ẹni tó bá yè máa ń dárí jì kíá, èmi ò tíì débẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka èyí, sọ fún àwọn ará ilé rẹ kó tó gbé ọ lójú wọn. Kí wọ́n dà ọ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí, kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ ẹnu rẹ. Kò sí iná, kò sí ìtọ̀ màálù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n nà ọ́, sá. Lo oògùn rẹ lọ́jọ́ tí ara rẹ yá gan-an, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o lò ó. Tí ìgbàgbọ́ rẹ bá bá àìsàn rẹ lọ́ mọ́ra bíi tèmi, bá dókítà sọ ọ́. Má tijú.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí kò gbé mi ṣubú. Mi ò kì í gun àkàbà mọ́, mi ò kì í fi iná jó irin mọ́. Ẹlòmíì ló ń ṣe ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Sìdíkátù ń bá mi rìn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lápá mi, a ò ní sọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ò wá mọ́. Èmi ò ní purọ́ fún ọ, ó ń ṣe mí bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Mo ń dárúkọ Ọlọ́hun nínú òtútù, nǹkan kan ò dáhùn, àpá ẹsẹ̀ mi ń ta mí, mo tún ń dárúkọ Rẹ̀. A rìn títí tẹ̀súbáà fi parí, a padà sílé, mo lo oògùn mi, mo sùn. Ní òwúrọ̀ mo jí, mo sì mọ ibi tí mo wà.